Àga Mẹ́fà, Ilé Mẹ́rìnlá

Nígbà tí a sin Ìyá àgbà mi tán ní Ìdí-Àyìn, àwọn obìnrin ilé ń wò mí pé omijé mi kéré. Ẹ̀gbọ́n màmá mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi mí bóyá ìjà wà láàárín èmi àti òkú. Mo ní rárá o. Mo fẹ́ràn ìyá yẹn, mo sì ti sunkún tèmi nínú yàrá níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí mi. Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, ohun tó pọ̀ jù nínú mi lọ́jọ́ náà ni ìbàlẹ̀ ọkàn. Ìyá àgbà ṣe àṣìṣe ńlá kan láyé rẹ̀, ó kù díẹ̀ kí àṣìṣe náà pa ọmọ ọlọ́mọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì tún un ṣe kó tó lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kọ nípa rẹ̀ báyìí, kí n tó gbàgbé bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ìdí-Àyìn kò tóbi. Ilé mẹ́rìnlá péré ni, ní apá Towé, lábẹ́ Pobè. Bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àwọn zémìjàn, àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò, kì í gbà láti gbé ọ débẹ̀ mọ́, nítorí amọ̀ ọ̀nà náà a máa lẹ̀ mọ́ táyà bí ẹ̀kọ tí kò jinná. Pobè ni wọ́n ti bí mi, ṣùgbọ́n gbogbo ìsinmi ilé ìwé ni wọ́n fi ń rán mi lọ sọ́dọ̀ Ìyá àgbà. Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé Ìyá Alága ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Àwọn àlejò a máa rò pé alága ẹgbẹ́ kan ni. Kò ṣe alága ohunkóhun rí. Àga ló ní.

Mẹ́fà ni àwọn àga náà, igi ìrókò, tí wọ́n kun ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Ọwọ́ Alájì kan tó ń ta ohun èlò ilé ní Sákẹ́tẹ́ ló ti rà wọ́n, epo tó fún lọ́dún méjì gbáko ló sì tà sí i. Ọkọ̀ já wọn sílẹ̀ létí títì, Ìyá àgbà wá ń rù wọ́n wọlé ní méjì méjì lórí. Bàbá àgbà, tó ṣì wà láyé nígbà náà, bi í pé kí ló dé tí kò fi ra páànù sí orí ilé tó ń jò. Wọ́n ní ṣe ló kàn to àwọn àga náà sí ìdí ògiri. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ọmọ ilé tó gbọ́dọ̀ fìdí kàn án. Èmi dán an wò lẹ́ẹ̀kan, ó fi ìgbálẹ̀ nà mí lẹ́sẹ̀. Òun alára, orí àpótí pẹlẹbẹ kan ló máa ń jókòó lé títí ẹ̀yìn fi ń dùn ún. Nígbà tí mo dàgbà díẹ̀, mo bi í pé kí ló wá rà á fún. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò gbọ́n.

"Bí mo bá jókòó lé e, kí ni àlejò máa jókòó lé?"

Bó ṣe rí nìyẹn. Ohun tó dára nílé rẹ̀, ti àlejò ni. Ohun tó bàjẹ́ nílé rẹ̀, àlejò ò gbọdọ̀ rí i. Oṣù kan wà nínú ọdún tí iṣu ti tán tí àgbàdo ò sì tíì gbó. Nínú oṣù yẹn, mo máa ń rí i tó ń dáná láàárọ̀, tó ń gbé ìkòkò kaná, tó ń bu omi sí i, kò sì ní da nǹkan kan sínú omi náà. Omi á hó títí. Èmi ọmọ Pobè, mo máa ń jókòó ti ìkòkò náà, mo ń retí oúnjẹ. Lọ́sàn-án, a ó jẹ gàrí tútù. Lọ́jọ́ kan tí mi ò lè pa á mọ́ra mọ́, mo ní kí ló dé tí a ń fi igi ṣòfò lórí omi lásán. Kò bínú. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Kí wọ́n ṣáà rí èéfín."

Bí o bá kí i, ìdáhùn kan ló ní. Ọdún kan, ìjì ṣí páànù ilé ìdáná rẹ̀, ó gbé e jù sínú oko ẹ̀gẹ́. Bó ṣe dúró sábẹ́ ojú ọ̀run níbẹ̀ tí omi ń kán lára gèlè rẹ̀, ọkùnrin kan tó ń kọjá bi í pé ṣé dáadáa ni. Ó ní a dúpẹ́. Ẹsẹ̀ wú u, ó ní a dúpẹ́. Nọ́ọ̀sì tó ń fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára wá, ó bi í pé ọmọ mélòó ló wà nílé yìí, ó ní wọ́n wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní òun mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀, mélòó ni wọ́n. Ìyá àgbà ní wọ́n wà níbẹ̀ dáadáa. Wọ́n fà á síhìn-ín, wọ́n fà á sọ́hùn-ún, nígbà tó yá nọ́ọ̀sì náà wọlé, ó ka àwọn ọmọ náà fúnra rẹ̀. Inú bí Ìyá àgbà títí di ìrọ̀lẹ́. Ó sọ fún mi pé obìnrin yẹn ń ka ọmọ ènìyàn bí ẹni ń ka ọsàn lọ́jà.

Èmi ń rẹ́rìn-ín nígbà náà. Mi ò mọ̀ pé irú ìdáhùn wọ̀nyẹn á kó wa sí wàhálà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìjà rẹ̀, nítorí òun àti Ìyá Kọ́lá ló kún inú ìtàn yìí. Ìyá Kọ́lá ni aládùúgbò rẹ̀, àgbàlá kan ló pààlà wọn. Ẹni kan nínú wọn gbá ìdọ̀tí kọjá ibi tó yẹ kó ti dúró, ìyẹn nìkan ni ìdí ìjà, àwọn méjèèjì sì ti gbàgbé ẹni tó gbá a. Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò lè ṣe kó má wà láàárín obìnrin méjì tó ń gbé ní ojúkojú. Nítorí náà adìẹ ni wọ́n ń rán síra wọn. Ìyá Kọ́lá á dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, á kọjú sí àgbébọ̀ adìẹ kan, á ní, "Adìẹ, lọ sọ fún ẹni tó sá aṣọ pé òjò ń bọ̀." Ìyá àgbà á kó aṣọ rẹ̀ wọlé, kò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kejì, òun náà á pe adìẹ tirẹ̀, á ní kó sọ fún àwọn kan pé ewúrẹ́ wọn ti wọ oko ẹ̀gẹ́. Mo bi í nígbà kan pé ṣé kò rọrùn kó kàn bá obìnrin náà sọ̀rọ̀.

"Èmi? Bá a sọ̀rọ̀? Ṣe ni mò ń bá adìẹ mi ṣeré."

Kọ́lá, ọmọ obìnrin yìí, ló ń gun ọ̀pẹ fún gbogbo abúlé. Òun ló ń kọ ẹyìn tí àwọn obìnrin fi ń ṣe epo, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta sì ń jẹun láti ara igbà tó fi ń gun igi. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìpá ti mú un lábẹ́ ikùn. Ó ń wú, ó ń padà, ó tún ń wú. Kò lè gun ọ̀pẹ mọ́. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló kù, kò sì sí ẹnikẹ́ni ní Ìdí-Àyìn tó lè dá owó iṣẹ́ abẹ. Gbogbo ilé kàn ń wo ọkùnrin náà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn nígbà tí mo rí iṣẹ́ ògbufọ̀. Mo ti parí lekóòlù, ilé ìwé Faransé, ní Pobè, mo gbọ́ Faransé, mo gbọ́ Gùn díẹ̀, mo sì gbọ́ èdè tiwa. Ìjọba fẹ́ mọ àwọn abúlé àti àwọn ilé tí ìyà ń jẹ jù, kí ìrànwọ́ lè kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ń rán àwọn ènìyàn kiri láti bi onílé kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè. Ilé tí orúkọ rẹ̀ bá wọ lísìtì máa gba káàdì kan, ẹni tó bá sì mú káàdì náà dé ilé ìwòsàn Pobè, wọn ò ní gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ì báà ṣe iṣẹ́ abẹ. Ọ̀gá tí mò ń túmọ̀ fún jẹ́ ọmọ Gùn láti Àjàṣẹ́, ó máa ń lo díìgí ojú, ènìyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni. Nígbà tí mo rí i pé Ìdí-Àyìn wà lára ibi tí a ń lọ, ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ Kọ́lá lójú ẹsẹ̀.

Mo sáré lọ sọ́dọ̀ Ìyá àgbà ní ọjọ́ tó ṣáájú. Mo sọ fún un pé àwọn ènìyàn ìjọba ń bọ̀ lọ́la, pé kó sọ fún gbogbo ilé kí wọ́n múra. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni kí wọ́n wá ìwé ìdánimọ̀ wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì ronú lórí ohun tí wọ́n máa sọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni mo fi tan ara mi jẹ. Mo ní kí wọ́n múra. Ìyá àgbà sì gbọ́ pé kí wọ́n múra.

Nígbà tí a dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti gbá Ìdí-Àyìn títí ilẹ̀ fi ń dán. Gbogbo obìnrin ló wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí aṣọ ọdún. Ilé àkọ́kọ́, àga aláwọ̀ ewé méjì ló ń dúró dè wá, redíò ń kọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ilé kejì, àga méjì, redíò ń kọrin. Ilé kẹta bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá mi ń tẹ gbogbo rẹ̀ sínú fóònù pẹlẹbẹ ńlá ọwọ́ rẹ̀, nítorí ìbéèrè wà níbẹ̀ nípa àga àti redíò. Nígbà tí a dé ilé kẹrin, mo rí okùn wáyà tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ àga kan. Mo mọ wáyà yẹn. Èmi ni mo bá Ìyá àgbà dì í.

Bí a bá ti ń dágbére nílé kan, àwọn ọmọbìnrin á ti gba ẹ̀yìnkùlé gbé àga sórí, wọ́n á gba inú oko ẹ̀gẹ́ sáré lọ síwájú wa. Redíò náà kan ṣoṣo ni, ti kátékísì tó ń darí ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì abúlé ni, ó sì ń bá wọn sáré. Ìyá àgbà ló wà nídìí gbogbo ètò náà, ó dúró lábẹ́ igi àyìn, ó ń fi ojú darí wọn. Lójú tirẹ̀, àlejò ìjọba dé, abúlé ò sì gbọdọ̀ tẹ́. Ojú wa ṣe mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Ó yẹ kí n sọ fún ọ̀gá mi. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ dúró níwájú ọkùnrin láti Àjàṣẹ́, kí n sọ fún un pé àwọn ìyá mi ń yá àga ara wọn? Ojú tì mí, mo pa ẹnu dé.

Ìbéèrè kan wà tí a ń bi gbogbo ilé: ṣé ọjọ́ kan wà lóṣù tó kọjá tí oúnjẹ tán pátápátá? Gbogbo wọn ní a dúpẹ́. Ọ̀gá mi á wò mí. Mo ní wọ́n ní àwọn dúpẹ́. Á tẹ "rárá".

A dé ilé Ìyá Kọ́lá. Mo rò pé nítorí ìjà, kò ní sí àga níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀. Ìyá àgbà ti fi ránṣẹ́, méjì tó dára jù lára mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Wọ́n ti wọ bùbá gbàgẹ̀rẹ̀ kan fún Kọ́lá kí ìpá rẹ̀ má baà hàn, ó sì nàró gangan bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Ọ̀gá mi bi wọ́n pé ṣé aláìsàn wà nílé yìí. Ìyá Kọ́lá ní ara wọn le, wọ́n dúpẹ́. Mo wo Kọ́lá. Kọ́lá wo ilẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n ka lísìtì náà síta níwájú ilé àrọ́ńdísímà, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ní Towé. Wọ́n ka ti abúlé yìí, wọ́n ka ti abúlé yẹn. Ti Ìdí-Àyìn, orúkọ kan ò jáde. Mo rò pé wọ́n máa bínú. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n kọrin lọ sílé. Ìyá àgbà ló léwájú, ó ń mi èjìká, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé lọ́nà.

"Wọn ò ka orúkọ wa mọ́ àwọn tálákà."

Orin náà ò pẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìpá Kọ́lá wú, kò padà mọ́, ó ń bì, ó ń yí nílẹ̀. Wọ́n gbé e sáàárín zémìjàn àti àbúrò ìyàwó rẹ̀ dé ilé ìwòsàn ní Pobè. Àwọn dókítà rí ọgbọ́n dá a, wọ́n ti ìpá náà padà, ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún un pé ìyẹn ò lè ṣeé ṣe lẹ́ẹ̀kejì, pé iṣẹ́ abẹ gbọ́dọ̀ yá. Wọ́n béèrè káàdì lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ní káàdì. Wọ́n ní kó lọ wá owó wá. Wọ́n gbé e padà wálé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó sì dùbúlẹ̀.

Èmi náà ti gbọ́, mo ti sáré dé. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí Ìyá Kọ́lá kọjá ààlà àgbàlá. Kò pe adìẹ. Ó wá dúró níwájú Ìyá àgbà, ó wò ó lójú, ó sì bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti gbọ́n.

"Àga rẹ ló fẹ́ pa ọmọ mi."

Ó yí padà, ó lọ. Ìyá àgbà jókòó sórí àpótí rẹ̀ títí oúnjẹ fi tutù níwájú rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tí káàdì náà wà fún, pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn, pé ilé tí wọ́n bá rí i pé kò ní ni wọ́n ń fún. Ó ní òun ti gbọ́. Ó bi mí nǹkan kan ṣoṣo: ọ̀gá rẹ yẹn, ibo la ti lè rí i? Mo ní ó wà ní Towé ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí, ó ń gba ẹ̀sùn àwọn tó ní wọ́n fo àwọn. Ó ní kí n lọ pe zémìjàn mẹ́rin wá.

Mo bi í pé mẹ́rin ṣe jẹ́. Ó ní mẹ́ta fún àga, ọ̀kan fún òun.

Bí a ṣe wọ Towé lọ́jọ́ kejì nìyẹn, àga méjì méjì lẹ́yìn alùpùpù mẹ́ta, Ìyá àgbà lórí ìkẹrin, èmi lẹ́yìn rẹ̀, mo dì í mú. Àwọn ènìyàn ń bi wá bóyá ìgbéyàwó la ń lọ. Ó sọ àwọn àga náà kalẹ̀ ní ìlà kan níwájú tábìlì ọ̀gá mi. Ọkùnrin náà rò pé ẹ̀bùn ló kó wá, ó ti ń fọwọ́ kọ̀ ọ́ kíá, ó ní òfin ò gba kí òun gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ní kì í ṣe ẹ̀bùn. Ìyá àgbà dúró. Wọ́n ní kó jókòó, ó kọ̀.

"Mùsíyé, ẹ kà á. Àga mẹ́fà ni. Ní ọjọ́ tí ẹ wá, ilé mẹ́rìnlá ló ní àga. Èmi ni mo ní kí wọ́n máa gbé e kiri."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá mi yọ díìgí rẹ̀. Ó bi í pé redíò ńkọ́. Ìyá àgbà ní ọ̀kan ni. Ọ̀gá mi ní a dúpẹ́ tí gbogbo wọn ń sọ ńkọ́, ṣé ebi ń pa wọ́n ni. Ìyá àgbà gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn àga kan. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ yìí, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ nípa ara rẹ̀ rí.

"Tálákà ni wá. Èmi sàn díẹ̀, ẹ fi èmi sílẹ̀. Àwọn yòókù ni kí ẹ kọ."

Lẹ́yìn náà ó sọ ti Kọ́lá, láìfi nǹkan kan pa mọ́, bó ṣe wú, bí wọ́n ṣe fi bùbá bò ó. Ọ̀gá mi ń kọ ọ́. Lójijì ló yíjú sí mi, ó bi mí ní Faransé pé èmi tí mo wà níbẹ̀ láti ilé dé ilé, ṣé mi ò rí i ni. Ìyá àgbà rí ojú mi, ó ní kí ló wí. Mo sọ fún un. Kò ronú rárá.

"Sọ fún un pé o ò rí nǹkan kan. Ìwé ọwọ́ rẹ lo tẹjú mọ́."

Obìnrin tó gun alùpùpù wá láti wá sọ òótọ́, irọ́ kan ṣoṣo tó pa lọ́jọ́ yẹn, nítorí tèmi ló pa á. Èmi sì ni ògbufọ̀. Mo fi ẹnu ara mi túmọ̀ irọ́ náà sí Faransé, pé ó ní mi ò rí nǹkan kan. Ọ̀gá mi wo èmi, ó wo ìyá, ó padà sídìí ìwé rẹ̀. Ó ní àwọn máa tún wá, ṣùgbọ́n òun ò ní sọ ọjọ́.

Mo jáde lọ wá zémìjàn tó máa gbé wa padà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rí mẹ́rin.

Wọ́n tún wá lóòótọ́, láìsọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n bá Ìdí-Àyìn bó ṣe máa ń wà. Nílé Ìyá Kọ́lá, orí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ni ọ̀gá mi jókòó lé, ó sì rí Kọ́lá níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Ìyá àgbà ò lè wo ìyẹn. Odó fún àlejò! Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó di ìgbà tí wọ́n dé ilé tirẹ̀ kó tó jáde wá fi àga lọ̀ wọ́n. Ó dúró tì wọ́n, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa pé òun ló ni wọ́n, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Nígbà tí lísìtì tuntun jáde, ilé méjìlá ní Ìdí-Àyìn ló wọlé. Tirẹ̀ ò wọlé. Ti kátékísì náà ò wọlé, nítorí redíò, kátékísì ò sì tíì dárí jì wá títí di òní.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Kọ́lá ní Pobè. Èmi àti ìyàwó rẹ̀ la dúró síta. Nígbà tí wọ́n jáde wá sọ pé ó ti parí, pé ó ń mí dáadáa, mo sáré lọ sílé lọ sọ fún Ìyá àgbà. Ó ń ṣa ẹ̀fọ́. Ó dìde, ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ ààlà àgbàlá níbi tí Ìyá Kọ́lá wà, ó wá adìẹ kan rí.

"Adìẹ, sọ fún ìyá yẹn pé mo gbọ́ pé ọmọ wa ti dìde."

Ìyá Kọ́lá ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ó ní kí adìẹ náà sọ fún ẹni tó rán an pé òun ti gbọ́.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ni àìsàn tó mú Ìyá àgbà lọ dé. Àwa ọmọ àti ọmọ ọmọ la ń gbé e lọ sílé ìwòsàn, tí a ń gbé e bọ̀. Ó dun èmi gan-an nígbà náà pé kò ní káàdì. Mo ń kùn sí i létí pé òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ yọ orúkọ ara rẹ̀. Ó ní kí n fi òun sílẹ̀, òun lọ́mọ, òun ní àga, kí ni òun tún fẹ́. Kọ́lá ló ń gbé e sókè sórí ibùsùn pẹ̀lú ọwọ́ tó fi ń gun ọ̀pẹ, ó fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àárọ̀ kan tí ooru ò tíì mú ló lọ, Ìyá Kọ́lá ló pa ojú rẹ̀ dé.

Ṣùgbọ́n irọ́ tó pa nítorí mi ní Towé kù sí mi lọ́rùn. Mo ṣì ń bá ọ̀gá mi ṣiṣẹ́, ó ti fún mi ní ipò tó ju ti ògbufọ̀ lọ, ní gbogbo ìgbà tó bá sì yìn mí, irọ́ náà ni mo máa ń rántí. Ìyá àgbà ti lọ, kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà lè ṣàkóbá fún mọ́ àfi èmi. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìsìnkú, mo lọ bá ọkùnrin náà ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Pobè. Mo ní mo ní nǹkan sọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀, wáyà ẹsẹ̀ àga, oko ẹ̀gẹ́, ohun tí mo rí àti bí mo ṣe dákẹ́. Mo ní bó bá fẹ́ gba iṣẹ́ mi, kó gbà á.

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá ní òun ti mọ̀, pé láti ọjọ́ yẹn gan-an ni. Ó ní nígbà tí mo jáde lọ wá zémìjàn ní Towé, Ìyá àgbà padà wọlé tọ òun wá. Akọ̀wé àrọ́ńdísímà ló túmọ̀ fún un. Ó ní obìnrin náà gbà láti jókòó lọ́tẹ̀ yìí, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí òun ní kí akọ̀wé náà kọ sílẹ̀ kí òun má baà gbàgbé. Ó ṣí dúróà, ó mú ìwé kékeré kan jáde, akọ̀wé náà ti bá a kọ ọ́ ní èdè wa. Ó nà án sí mi. Mo kà á lórí ìdúró.

"Irọ́ ni mo pa nípa ọmọ mi, ó rí wa. Ẹ má lé e o. Òun ló máa mọ ibi tí àwọn abúlé yòókù ń fi ìṣẹ́ tiwọn pamọ́ sí."